Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ìyá Bẹ́ẹ̀dì

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ti kú. Orí òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká ló kú sí, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ jù létí òkun wa. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ orí òtẹ́ẹ̀lì náà ni. Àwọn èèyàn ńláńlá wà nísàlẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n sì ń bá ayẹyẹ wọn lọ.

Ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ti ní kí n kọ nǹkan dídùn nípa àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun: ìtàn wọn, ẹwà wọn, bí wọ́n ṣe ń fa àlejò mọ́ra. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú sí ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí. Mo sì fẹ́ gbọ́ tirẹ̀, torí èmi náà fẹ́ràn àwọn ilé yẹn. Ta ni kò fẹ́ràn wọn? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń dúró lódìkejì títì ká lè wo ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń yí bírí, tó ń gbé àwọn olówó mì, tó tún ń pọ̀ wọ́n jáde. Ilé ìkẹ́rùsí ni èyí tó ti pẹ́ jù yẹn tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan tó ronú pé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi á fẹ́ ibi tí wọ́n máa sùn. Wọ́n fi òpó funfun síwájú rẹ̀, wọ́n fi báńkónì sókè. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ń jẹ irin báńkónì náà lọ́dọọdún, wọ́n sì ń kùn ún lọ́dọọdún. Tí o bá jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí omi ń lọ tó ń bọ̀, ìwọ náà á gbà pé ayé dáa.

Ìtàn rèé, ẹwà rèé. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá mi rán mi. Ó kù kí n sọ̀rọ̀ ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn kúùkù ló fi orúkọ yẹn pè é, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun náà kò bá wọn jà. "Ẹ pè mí bó ṣe wù yín," ló máa ń sọ, "ẹ ṣáà má fi bàtà gun bẹ́ẹ̀dì mi." Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi nítorí omi ọṣẹ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ọmọge ni nígbà tó wọ iṣẹ́ níbẹ̀. Máníjà lọ, máníjà dé. Ẹni tó ni ilé náà tà á fún ẹlòmíì, ẹlòmíì náà tún tà á. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ṣì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá tẹ́ ẹ tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu orí bẹ́ẹ̀dì náà, á sún sẹ́yìn díẹ̀, á sì wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ta oògùn fáwọn ṣọ́ọ̀bù láti ìlú dé ìlú, òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló sì máa ń dé sí tó bá wá síhìn-ín, torí ó ní òun kò lè sùn nílé mi, pé ìyàwó mi ń han-an-run. Ó sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì jí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí nínú ìwé ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì kankan. Èèyàn máa ń kú níbẹ̀. Ibi tí èèyàn bá ti ń sùn, ikú náà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àmọ́ àlejò kankan kò gbọdọ̀ mọ̀, torí ta ló fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnì kan kú sí? Torí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí àlejò bá kú, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní, "Àlejò òkè ti sùn." Wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n á wá dúró di àsìkò oúnjẹ àárọ̀, nígbà tí gbogbo àlejò bá wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń mu tíì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè sì dá páropáro. Ìgbà yẹn ni wọ́n á gbé òkú gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ọ̀nà tí aṣọ ìdọ̀tí ń gbà lọ síbi ìfọṣọ. Ẹni tó fi ẹ̀rín wọlé láti iwájú, ẹ̀yìn ló máa gbà jáde.

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì kò bá wọn jiyàn lórí èyí. Iṣẹ́ ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí kò gbà. Kò gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú lóun nìkan. Á gbé àga, á wọlé, á jókòó tì í, títí tí àwọn tó máa gbé e fi máa dé. Tí wọ́n bá ní kó lọ wá nǹkan ṣe, á ní, "Ohun tí mò ń ṣe rèé."

Ibẹ̀ ni mo bá a lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí. Ó ti pa ojú ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ti de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ṣí fèrèsé kí ìró òkun lè wọlé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Ẹ jókòó. Mi ò fi wọ́n sílẹ̀. Mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ látàárọ̀, wọn ò dá mi lóhùn. Ó jọ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Hà, mà. Ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù."

"Á jẹ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ tán nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹ̀gbọ́n mi, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló wá di ẹkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Nígbà tó yá, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe báyìí fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ní, "Ẹni tó kú sílé onílé, tí a bá tún wá fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ṣé a wá jẹ́ èèyàn báyìí?"

Wọ́n ní oore kì í gbé. Ti Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gbé.

Alágbàfọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ibi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ wà fara kan yàrá aṣọ tí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì kú sí. Ó ti fi iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ó sì ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́.

"Látàárọ̀ ni Ìyá ti ní àyà ń dun àwọn," ló wí. "Òógùn bo wọn. Ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní kí wọ́n lọ jókòó síbi aṣọ, káwọn àlejò má baà rí wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ìgbà tí mo gbé aṣọ débẹ̀, wọ́n ti dùbúlẹ̀. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ni mo bá sáré lọ pe máníjà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó wò wọ́n, ó ní, 'Ó ti sùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, káwọn èèyàn wọ̀nyí lọ ná.'"

"Ta ló tì í?"

"Wọ́n ti lé mi padà sídìí iṣẹ́. Mo kàn gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ni."

Ó ń fi èékánná họ etí tábìlì. Mo rò pé ó ti sọ̀rọ̀ tán.

"Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ nǹkan," ló wí. "Ó dà bí ikọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ bó ṣe ń pariwo. Mo pa á. Mi ò gbọ́ nǹkan mọ́. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní, 'Ìyá. Ìyá.' Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, ọ̀gá."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé ikọ́ ni. Ó ní kò dá òun lójú. Ó ní ká ní ó dá òun lójú ni, òun ì bá já ilẹ̀kùn yẹn. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè. Láti ìgbà wo ni máníjà òtẹ́ẹ̀lì ti di dókítà, tó fi lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó mọ ẹni tó kú yàtọ̀ sí ẹni tó dákú? Òtẹ́ẹ̀lì náà ní dókítà tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an, ó wà nínú ilé, wọ́n pè é síbi ayẹyẹ. Mo rí i nínú fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ jáde, ó wà lórí àtẹ̀gùn, ó gbé ife dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Àtẹ̀gùn kan péré ló wà láàárín òun àti obìnrin yẹn. Wọ́n ní dókítà àlejò ni, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, pé òfin ilé ni. Ṣé èèyàn gbọ́dọ̀ gba yàrá kó tó lè ṣàìsàn ni? Aago ìpè wà lẹ́bàá gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ nílé yẹn, kí àlejò lè fi pe ẹni tó máa gbé omi wá. Kò sí nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́.

Ìgbà tí àlejò tó kẹ́yìn ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé e gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó gbé àga wá.

Òtẹ́ẹ̀lì náà fi ìkéde síta. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn kan tí àwọn fẹ́ràn gan-an ti sùn lọ ní àlàáfíà. Wọ́n tún fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn títì òkun. Ó fi òdòdó náà hàn mí. Ríbọ́ọ̀nù ayẹyẹ ọjọ́ orí òtẹ́ẹ̀lì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ rántí tú u. Èyí tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì ayẹyẹ ni wọ́n kó fún un.

Aránṣọ yìí kò béèrè fún ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní. Ṣé ìyá òun ti kú nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, àbí kò tíì kú? Ó gbé ìbéèrè náà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọkàn ló dúró, pé àwọn kò lè sọ ìgbà tó dúró, torí wọn kò tètè gbé òkú náà wá. Ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n ní kó má bínú, pé ẹni tó bá kú síbi iṣẹ́, amúwá Ọlọ́run ni. Ó lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ béèrè ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ẹbí òṣìṣẹ́ kì í gba iwájú wọlé, kó gba ẹ̀yìn. Ó gba ẹ̀yìn. Wọ́n ní máníjà kò sí nílé.

Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé tí wọ́n bá rí èmi tí mò ń kọ̀wé, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún mi. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi lóòótọ́. Wọ́n fi mí jókòó, wọ́n gbé omi tútù wá, wọ́n mú mi wo àwọn fọ́tò gbajúmọ̀ tó ti sùn síbẹ̀ rí, wọ́n sì béèrè ìgbà tí àpilẹ̀kọ mi nípa ẹwà òtẹ́ẹ̀lì máa jáde. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Aránṣọ dúró lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Nígbà tí a jáde, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ìyá mi ò fi ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀?"

Mo ní èmi ni.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn náà?"

Bírò ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mo bá kọ lónìí, wọ́n á fi wé ẹja lọ́la. Mo mọ̀ pé báńkónì náà á tún gba ọ̀dà tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, àlejò á sì tún máa ya fọ́tò. Ó ń dùn mí gan-an, kò sì sí ohun tí mo lè fi ẹ̀dùn ọkàn yẹn ṣe.

Àmọ́ mo ṣì máa béèrè, torí àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ni òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́: ta ló yí kọ́kọ́rọ́ yẹn? Ta ló fọwọ́ kan ọrùn obìnrin náà kó tó yí i? Ẹ má fi ìkéde míì síta. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó yí kọ́kọ́rọ́ mọ ara rẹ̀. Kó wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lẹ́yìn títì òkun, kó gba iwájú wọlé, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, kó sì sọ fún ọmọ yẹn bóyá ìyá rẹ̀ ṣì ń mí. Àga wà níbẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kì í ti ilẹ̀kùn.