Ara Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀, Kò Dẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ò lè la ẹnu jẹ púpurú. Ìyá wa rò pé eyín ni. Ó po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ó ní kó fi yọ ẹnu, àmọ́ ńṣe ni omi náà ń ṣàn jáde létí ẹnu rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Látìgbà tí epo rọ̀bì ti ń léfòó lórí omi wa, tí àwọ̀n ò fi bẹ́ẹ̀ kó ẹja mọ́, iṣẹ́ lébírà ló ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń ri páìpù mọ́ inú ẹrẹ̀. Irin kan tó ti dípẹtà gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó dì í, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú egbò náà ti ń jiná.

Kó tó dọ̀sán, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan. Ìkòkò kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ró gbàmù lórí pákó ilé, ni gbogbo ara rẹ̀ bá fà lẹ́ẹ̀kan náà, ó tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, orí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ẹní. Ó ń wò wá. Iyè rẹ̀ pé, àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì aládùúgbò wa kan, ó di ọsibítù ní Igbókòdá. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe bú, ara rẹ̀ tún fà. Ariwo náà ò dáwọ́ dúró, ara náà ò sì dẹ̀. Ètè rẹ̀ ń dúdú bọ̀.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn!" Ìyá wa kígbe.

"Ìyá, tá a bá fi àjẹ̀ wà á, yóò pẹ́ gan-an ká tó débẹ̀ o," awakọ̀ fèsì.

"Ṣé òkú rẹ̀ ni kí n gbé débẹ̀?"

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Èmi náà mú àjẹ̀. Tí mo bá yára, àjẹ̀ á gbá ara ọkọ̀, ara rẹ̀ á fà. Tí mo bá rọra, ọ̀nà ò tán. Ọkọ̀ àwọn elépo kan ń sáré bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá wa dìde, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n lè rọra. Wọ́n rò pé ó ń kí àwọn ni, wọ́n juwọ́ pa dà, wọ́n sì fi ariwo kọjá. Nígbà tí omi fi rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti gé ahọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tá a dé ọsibítù, dókítà obìnrin kan gún un lábẹ́rẹ́, ó ta aṣọ sójú fèrèsé yàrá. Ó ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, àìsàn tó gba ojú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. "Ẹ má sọ̀rọ̀ nítòsí rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án."

Ìyá wa di ìgò àdí mú. "Kí n má fi ra ọmọ mi lẹ́yìn ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ọwọ́ yín gan-an á tún mú kó fà."

Dókítà jókòó tì wá níta. Ó ní àwọn fọ́nrán tíntìntín tójú ò lè rí ló wà nínú iṣan ẹran ara wa, àwọn kan nípọn, àwọn kan tín-ín-rín. Èyí tó nípọn ní orí kéékèèké bí ọwọ́. Bí ọpọlọ bá ránṣẹ́, èròjà kan tó ń jẹ́ kálísíọ̀mù á tú jáde níbi tí sẹ́ẹ̀lì tọ́jú rẹ̀ sí, àwọn ọwọ́ yẹn á gbá fọ́nrán tín-ín-rín mú, wọ́n á fà á, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á tún gbá a mú níwájú.

"Bí ẹni ń fa àwọ̀n," Ìyá wa ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Tí iṣẹ́ bá tán, sẹ́ẹ̀lì á kó kálísíọ̀mù pa dà, ọwọ́ á tú, iṣan á dẹ̀. Dídẹ̀ yẹn náà ń gba agbára."

"Kí ló wá dé tí tọmọ mi ò dẹ̀?"

"Ìránṣẹ́ tó ń sọ pé 'fà' ṣì ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ń sọ pé 'ó tó' ni oró àìsàn náà pa lẹ́nu mọ́. Oró tó ti wọlé sára, kò sóògùn tó lè fà á yọ. Ara fúnra rẹ̀ ló máa tún ibẹ̀ ṣe."

"Nígbà wo?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Àwọn ará ìjọ wá nínú aṣọ funfun. A ò jẹ́ kí wọ́n kọrin. Ètè wọn kàn ń mì lóde bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń wo ẹ̀gbọ́n mi látẹnu ọ̀nà. Á fà, á làágùn, á tún fà. Ìyá wa á ki etí aṣọ rẹ̀ bọnu.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kí fífà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Lọ́jọ́ tó tún lè la ẹnu fúngbà àkọ́kọ́, a sáré bò ó.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí," ló sọ. "Mo rò pé ẹ ti fi mí sílẹ̀."

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, fọ́nrán, kálísíọ̀mù, ìránṣẹ́ tó dákẹ́. Mo ṣì ń sọ ọ́ nígbà tó sùn lọ.

Ó bá wa délé. Ó pẹ́ tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi pákó di lẹ́sẹ̀. Kò tún sọ pé a fi òun sílẹ̀ mọ́, Ìyá wa náà ò sì bi í.