Kọ́kọ́rọ́ Kíṣíìnì Lọ́jọ́ Kérésì

Obìnrin kan wà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó bí ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nínú ilé, nítorí pé kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ẹ̀kẹta ò tíì mọ ìrìn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ọkọ obìnrin náà ń fi mọ́tò gbé búrẹ́dì lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Òun alára ń lọ aṣọ ní ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe aṣọ òde ló ń lọ. Aṣọ ibùsùn ni, àti aṣọ funfun àwọn dókítà. Yàrá ìlọṣọ náà gùn, fèrèsé ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ooru inú ẹ̀ lè se ẹyin jinná. Tábìlì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èèyàn méjì méjì nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á lọ aṣọ, ẹnì kejì á ká a. Ẹni tó ń bá a ká tirẹ̀ ni ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sítáàṣì. Ó ti ń po sítáàṣì níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹlòmíì nínú wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dúró ti àkọ́bí nílé, ó bá mú un dání lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kó jókòó sórí àpótí kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ náà jókòó díẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó di etí aṣọ kan mú, ó sì ń bá Ìyá Sítáàṣì ká a, etí sí etí, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

"Ẹ wá wo nǹkan!" Ìyá Sítáàṣì pariwo. "Ẹ wo bó ṣe ń ká a! Ìyá kékeré lèyí o. Ìwọ, o ti bọ́. Ọmọ yìí á gbé gbogbo ilé rẹ rù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lọ aṣọ níbẹ̀, kò jó ọ̀kan rí. Ojú ibi tó jó lára aṣọ yẹn tóbi tó àtẹ́lẹwọ́.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ìyá kékeré ni wọ́n ń pe òun náà nílé ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí, àwọn márùn-ún ló tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kíṣíìnì ni wọ́n ń fi sí lọ́jọ́ Kérésì, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tan iná. Pálọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Á máa gbọ́ ẹ̀rín níbẹ̀. Á máa gbọ́ orin. Nǹkan á já lulẹ̀, gbogbo wọn á hó yèè, òun ò ní mọ ohun tó já. Ilẹ̀kùn kì í ṣí àfi tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan: "Mú omi wá!" "Abọ́ ku ẹyọ kan!" Kó tó fọ ọwọ́ tán kó wọlé, àwọn kan ti sùn lórí àga, egungun adìẹ ló kù nínú àwo. Ó mọ Kérésì bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ṣe mọ ìjà aládùúgbò. Ariwo ló mọ̀, kò mọ ohun tó fà á.

Nígbà tó lọ́kọ, kò yí padà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó ara wọn lọ sílé ìyá rẹ̀. Ọkọ àti ọmọ á yà sí pálọ̀, òun á yà sí kíṣíìnì.

Lálẹ́ Sátidé yẹn ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, ilé wa la ó ti ṣe Kérésì ọdún yìí."

"Kí ló dé? Ṣé ìwọ àti Màmá jà ni?"

"A ò jà."

"Ó dáa. Kí la ó wá ṣe?"

"Kérésì."

"Mo gbọ́. Kí la ó ṣe gan-an?"

Obìnrin náà rò pé ọkọ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ọkùnrin náà dàgbà sí, oníṣọ́ọ̀bù ni ẹni yẹn, kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kankan. Òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe Kérésì. Obìnrin náà dìde lọ wo ọmọ tó ń sùn, kó má baà dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, a ò ní lè wá fún Kérésì o. A fẹ́ ṣe é nílé wa."

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló wá máa dáná?"

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn. Kò béèrè àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó tún fún un ní ìgboyà. Ó ní bó ṣe wù kó rí, ọmọbìnrin tòun ò ní ṣe Kérésì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ náà pé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wà nídìí iná. Ìrẹsì àti adìẹ. Àkọ́bí jí, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé kí n bá yín gé àlùbọ́sà?"

"Rárá. Padà lọ sùn."

"Kí n bá yín fọ ìrẹsì?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Kúrò níbí jàre."

Ọmọ náà ò sùn. Ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri níta kíṣíìnì, ó jókòó sílẹ̀.

Ní agogo mẹ́jọ gbogbo nǹkan ti jinná. Ó gbé ìkòkò méjèèjì lọ sí pálọ̀. Ó wá lọ mú àgádágodo tí wọ́n fi ń ti àpótí, ó fi í sẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣíìnì, ó yí i. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní wọ ibẹ̀ lónìí," ló wí. "Gbogbo wa la máa jókòó."

Wọ́n jókòó. Ọkọ ń wo aya, aya ń wo ọkọ.

"Ṣé ká gbàdúrà?" ni ọkọ wí. Ó gbàdúrà bí ẹni tí búrẹ́dì ń tutù lé lọ́wọ́. Wọ́n ṣe àmín. Ìyá ṣí ìkòkò, ó na ọwọ́ sí ṣíbí. Kò sí ṣíbí. Kò sí abọ́. Kò sí ife. Inú kíṣíìnì ni gbogbo ẹ̀ wà.

"Màmá wọn," ni ọkọ wí, "ṣé omi mímu náà ti wẹ̀wọ̀n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ mọ iye oṣù tí wọ́n dá fún un ni."

Ìyá dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó kó abọ́ àti ṣíbí, ó tì í padà. Ó tún lọ ṣí i nítorí omi. Ó tún lọ ṣí i nítorí iyọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, àkọ́bí dìde. "Màmá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ jẹ́ n bá yín mú un."

"Jókòó!"

Ohùn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọmọ ẹ̀yìn ta jí, ó bú sẹ́kún.

Kò tíì tó agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ tí wọ́n fi jẹun tán. Lọ́yà lá ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, ìgbà wo ni Kérésì máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Èyí tí a wà nínú ẹ̀ yìí."

Lọ́yà wo pálọ̀ yí ká. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ àga. "Àbí ó ti tán ni?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ìyá ní kí wọ́n kọrin. Ó dá orin. Ègbè nìkan ló mọ̀. Ẹsẹ orin kì í la ilẹ̀kùn kọjá. Wọ́n gbe ègbè náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì tán síbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn ò rí nǹkan ṣe. Bàbá sùn lọ. Lọ́yà bá ilẹ̀kùn ṣe ẹjọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àkọ́bí jókòó sí etí àga. Aṣọ tuntun ló wọ̀, ìyá rẹ̀ ti lọ̀ ọ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, bí ẹni tó ń dúró de abẹ́rẹ́.

Ìyá ń wò ó. Ohun tó fẹ́ nìyí: ọmọ rẹ̀, nínú pálọ̀, lórí àga, lọ́jọ́ Kérésì. Kí ló wá dé tí inú ọmọ ò dùn? Kí ló dé tí inú tòun náà ò dùn? Ó ti bà á jẹ́ níbì kan, kò mọ ibẹ̀. Bí ó bá rí báyìí títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé Màmá Àgbà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní rẹ́nu sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó jáde sí iwájú ilé, ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, tó ń gẹrun fún èèyàn. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni ìyẹn wà.

"Àǹtí! Ẹ kú ọdún o! Ìrẹsì ibí ti jóná. Màmá ní ẹ̀yin lẹ jó o."

"Dákẹ́ ná. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Má rẹ́rìn-ín."

"Mi ò ní rẹ́rìn-ín."

"Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí mo bá wà ní kíṣíìnì, kí lẹ máa ń ṣe ní pálọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí nǹkan kan."

"Irọ́ ni. Mo máa ń gbọ́ ariwo yín."

"À ń dúró dè yín ni. Màmá á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tí Àǹtí bá jáde. Wọ́n á máa fi orin tàn wá kí ebi má baà pa wá sunkún. Tó bá yá, wọ́n á ní ká máa jẹun, pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ kì í jáde."

"Ta ló pè mí?"

"A rò pé ẹ ò fẹ́ wá ni. Ẹ̀ ń kọrin níbẹ̀."

"Ta ló ń kọrin?"

"Ẹ̀yin náà ni. A máa ń fi etí lé ilẹ̀kùn gbọ́ ọ. A máa ń ní ẹ̀yin àti adìẹ lẹ jọ ń gbádùn ara yín."

Obìnrin náà gbé fóònù dání. Kò rántí pé òun kọrin rí. Ó wá a nínú orí, kò rí i. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó rò pé àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní nǹkan kan tí wọn ò fún òun. Àwọn náà rò bẹ́ẹ̀ nípa òun. Èwo wá ni òótọ́? Ṣé ìyà ni ó jẹ, àbí kò jẹ ẹ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà ń dùn ún nígbà yẹn, ìyẹn dá a lójú. Orí rẹ̀ dàrú.

Ó padà wọlé. Àkọ́bí ò sí lórí àga. Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣíìnì, ó fi iwájú orí ti igi, ọwọ́ rẹ̀ wà lára àgádágodo.

"Kí lò ń wá níbẹ̀? Ṣé bí iṣẹ́ ṣe wù ọ́ tó nìyẹn?"

"Kì í ṣe iṣẹ́."

"Kí wá ni?"

"Ibẹ̀ lẹ ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ibí ń kọ́? Ṣé mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ níbí ni?"

"Ẹ máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó sùn. Lọ́dún tó kọjá, nílé Màmá Àgbà, mo wá bá yín ní kíṣíìnì. Ẹ jẹ́ kí n bó ẹyin. Ẹ sọ ti ajá tó jí aṣọ dókítà gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí Kérésì yìí."

"Èmi ò gbọ́ ti ajá o!" Lọ́yà pariwo láti orí àga. "Ajá wo?"

Ìyá tú etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè nà án síwájú, kò lè so ó padà. Tó bá fún un, ṣé kì í ṣe ẹrù tí wọ́n gbé ru òun náà ló ń gbé ru ọmọ yìí? Tí kò bá fún un, kí ló ń tì í mọ́ ìta? Ó wo ọkọ rẹ̀ bóyá yóò sọ̀rọ̀ gidi.

"Màmá wọn," ni ìyẹn wí, "tú omi mímu sílẹ̀ ná. Òùngbẹ ń gbẹ èèyàn."

Ó na kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ náà. Òun náà fẹ́ tẹ̀ lé e wọlé. Ọmọ yíjú padà.

"Rárá, Màmá. Ẹ jókòó. Èmi ni mo fẹ́ se oúnjẹ fún yín. Bàbá ló máa bá mi tan iná. Ẹ̀yin ẹ máa sọ ti ajá láti orí àga."

"Mi ò ní lè rí ọ."

"Mi ò ní tilẹ̀kùn." Bàbá àti Lọ́yà tẹ̀ lé e wọ kíṣíìnì.

Ó jókòó. Ìyá ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ jókòó sí etí àga bí àlejò. Ó ń gbọ́ omi, ó ń gbọ́ ìkòkò. Nǹkan kan já lulẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hó yèè.

"Kí ló já?" ló pariwo.

"Ìdérí ìkòkò ni!" ni Lọ́yà dáhùn. "Màmá, ẹ máa sọ̀rọ̀! Ajá wá ṣe kí ni?"

Ó sọ ọ́. Ó ní ajá náà gba ẹ̀yìn yàrá ìlọṣọ wọlé, ó fa aṣọ funfun kan lórí tábìlì, apá aṣọ náà kọ́ ọ lọ́rùn, ló bá sá gba inú wọ́ọ̀dù kọjá, arúgbó kan sì gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, dókítà." Wọ́n rẹ́rìn-ín ní kíṣíìnì. Òun náà rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Omijé wà lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ti ẹ̀rín ni tàbí ti ẹkún. Ó fẹ́ dìde lọ gba ìkòkò lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ó jókòó.

Nígbà tó ṣe, àkọ́bí gbé abọ́ bọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, iwájú aṣọ tuntun ti tutù. Ó dúró ti ìyá rẹ̀ títí ìyẹn fi jẹun tán.

Ẹyin sísè kan ni ìyá jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí èèpo díẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, àti búrẹ́dì kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fọ́ nínú mọ́tò. Ó fi tíì tí ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù sìn ín. Ó jẹ èèpo náà mọ́ ọn.