Ìwé Tí Ìyàwó Kà Nídìí Ààrò Ẹja

Mi ò lọ sí iléèwé rí, ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí mo jà fún. Ọpẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ dú lónìí. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó o ṣe kọ ọ́, ọmọ ọmọ mi.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni, kò tíì sí ẹ̀sítéètì kankan ní Ajáh níbí. Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi la jọ ń yan ẹja nínú ahéré kan lẹ́bàá ọ̀sà. Èèpo àgbọn la fi ń dáná, èéfín rẹ̀ a máa mú ẹja pọ́n dáadáa. Ìyàwó yìí ti ka ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá níṣẹ́. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja á ti jí dìde kó tó yí i.

Lọ́jọ́ kan, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́. Ó ní òun lòún kọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo ní kó kà á kí n gbọ́. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni. Ọ̀sà bínú, ó gòkè lọ sójú sánmà, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ. Àwọn ọkùnrin jókòó ti ọkọ̀ wọn, wọ́n ń káwọ́ lérí. Àwọn obìnrin ló gun orí igi àgbọn, tí wọ́n ń da àwọ̀n sókè, tí ẹja ń rọ̀ bí òjò. Orí mi wú. Obìnrin bíi tèmi, tá a jọ ń fín iná, ló ronú débẹ̀ yẹn.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ní káwọn obìnrin gbé ẹja wọn wá yan lọ́dọ̀ wa. Ahéré kún. Bó bá ti ń kà á, kò sẹ́ni tó rántí yí ẹja mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan á jóná, ẹ̀gbẹ́ kejì á tutù.

Bí ìyá ọkọ wa ṣe ká wa mọ́bẹ̀ nìyẹn. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ní ìyá ẹni tó bá pa á á kú. Ó wo oòrùn, ó wò wá.

“Èmi nìkan nìyá tó kù nínú ilé yìí. Ṣé ẹ ti gbẹ́ sàréè mi ni?”

Ó gba ìwé náà, ó nà án sí iná. Kò sí òmíràn níbì kankan. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá wa, àlọ́ kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ará àtijọ́ làlọ́. Èyí ò tíì ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ díẹ̀ péré. Tó bá jẹ́ àlọ́, èmi fúnra mi ni mà á jù ú síná.”

Ó pẹ́ kó tó jókòó, kó dá ìwé náà padà fún ìyàwó. Ìyàwó ka ibi tí omi ti lọ tán, tí ìsàlẹ̀ ọ̀sà hàn síta: ọkọ̀ tó fọ́, ìkòkò tó sọnù, àwọ̀n tó ti jẹrà. Ojú ìyá yí padà. Gbogbo wa la mọ ìdí ẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, lọ dẹ àwọ̀n, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló padà wá. Wọn ò rí òkú sin.

“Àwọn tómi gbé lọ ńkọ́?” ló wí. “Ilẹ̀ ti gbẹ. Ṣé wọ́n rí wọn?”

“Mi ò tíì kọ ibẹ̀, Ìyá wa.”

Ìyá gba ìwé náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eérú kúrò lára rẹ̀, ó fi lé ìyàwó lọ́wọ́.

“Lọ kọ ọ́. Ọ̀sán ni kó o kà á fún mi, kí n lè máa wo ojú ẹ.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Èmi ni mo ń bá a yí ẹja. Ó kọ pé wọ́n rí wọn, gbogbo wọn, wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe, wọ́n ní kí ló mú ará ilé pẹ́ tó báyìí. Ìyá ọkọ wa ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀.