Ìdì Tẹ̀tẹ̀ Mẹ́ta Tí Kò Kan Omi

Ta ló ra tẹ̀tẹ̀ lọ́jà Kétu lónìí? Ẹ dúró ná, ẹ má tíì gbé ọbẹ̀ kaná. Inú ń bí mi!

Omi ìdọ̀tí lópitáà, ilé ìwòsàn ìlú wa, tí wọ́n ti sẹ́ la fi ń bomi rin oko ẹ̀fọ́ wa lẹ́ẹ̀rùn. Ó dára fún ilẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ lópitáà ṣí i fún wa ni wọ́n ti kìlọ̀ pé ìdí ẹ̀fọ́ ni ká máa dà á sí, kó má kan ewé, torí àrùn.

Láàárọ̀ yìí ni mo bá Ìyá Ráfátù, tó dàgbà jù nínú wa lóko, tó ń ri ìdì tẹ̀tẹ̀ bọ inú kòtò omi yẹn, kó lè tutù yọ̀yọ̀ dé ọjà.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká má fi fọ nǹkan jíjẹ."

Wọ́n ní, "Ṣebí omi tó mú un hù náà nìyí? Kí ló wá ń dùn ọ́?"

Àgbà ni wọ́n, mo gbójú sílẹ̀. Ni mo bá rí ìdì mẹ́ta gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ wọn. Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Má fọwọ́ kan ìyẹn. Tilé wa ni. Omi kànga ni màá fi fọ ọ́."

Tilé wọn!

Tí mo bá pariwo lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ìkankan nínú wa mọ́. Tí mo bá dákẹ́, ọmọ yín ló máa jẹ ẹ́. Ẹ dá mi lóhùn: tẹ́ ẹ bá jẹ́ èmi, kí lẹ máa ṣe?