Iná Tó Ń Rìn Nínú Ilé Àbúrò Mi

Àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò mọ ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, kí o tó la ẹnu wọ́n ti kọjá. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á fi àwòrán àbẹ́là ránṣẹ́ lórí fóònù, ó parí, wọ́n ti bá ọ kẹ́dùn nìyẹn. Bí ìṣe ẹnìkan bá sì wá rí bákan díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ó ti yí." Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ mílíìkì tó ti kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nípa ọkọ àbúrò mi ní gbogbo òpópónà wa. Ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀ rí ló sì ń sọ ọ́ jù. Èmi tí mo wọ̀ ọ́, èmi tí mo ṣì wà nínú ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọwọ́-ò-dilẹ̀ la máa ń pè é. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ni, kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti ń di sítíárì mú láti àárọ̀ dalẹ́ láti ìgbà èwe, ọwọ́ ẹ̀ ò lè dákẹ́ lórí itan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ló kọjú sí. Ó ṣe fáànù tó ń gbọ́ àtẹ́wọ́: o pàtẹ́wọ́, á yí, o tún pa á, á dúró. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi ń pàtẹ́wọ́ lé adìẹ aládùúgbò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, fáànù ń yí, ó ń dúró, ó ń yí, ó ń dúró, títí tó fi jóná. Ó tún ṣe ẹ̀rọ omi tó yẹ kó máa pa ara ẹ̀ bí táǹkì bá kún. Táǹkì kún, ẹ̀rọ ò gbọ́. Omi bo pálọ̀. Àbúrò mi gbé sálúbàtà ẹ̀ lé orí tábìlì, ó ní, "Ṣé kí n lọ ra ọkọ̀ ojú omi ni, àbí ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é?"

Ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn jù ni ìrìn àjò. Wọn ò lọ kí ẹnikẹ́ni o. Wọ́n kàn máa ń wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á lọ wo odò, wọ́n á lọ wo afárá, wọ́n á sùn síbẹ̀, wọ́n á padà. Ọkọ á máa bá awakọ̀ wí nínú ikùn, ìyàwó á máa jẹ ẹ̀pà. Lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò sí nílé, olè wọlé, ó gbé tẹlifíṣọ̀n lọ. Ìgbà yẹn ló ṣe iná tó ń rìn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ó kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, aago wà nínú ẹ̀, wáyà sì ti ibẹ̀ lọ sí iná gbogbo yàrá. Ó fẹ́ kí olè rò pé èèyàn wà nílé. Ó wá ń tẹ̀lé àbúrò mi káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ bí ọmọ ewúrẹ́, ó ń wo ibi tó ń tan iná àti ìgbà tó ń tàn án. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ilé ìdáná lá kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn náà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà pálọ̀. Á tún wá padà sí ilé ìdáná fúngbà díẹ̀, torí àbúrò mi ò gbà láéláé pé òun ti pa gáàsì. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá kan yàrá. Ọkùnrin náà di ìrìn ìyàwó ẹ̀ sínú àpótí bí ẹni ká aṣọ sínú báàgì.

Òdìkejì fẹ́ǹsì wọn ni mò ń gbé. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò, mo máa ń wo iná yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ wo àbúrò mi, ó wà lójú ọ̀nà, ó tún wà nídìí ìkòkò.

Àìsàn tó pa àbúrò mi ò pẹ́ lára ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, ilé kún. Nígbà tí gbogbo èrò túká, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé mi ní ìrọ̀lẹ́, iná ilé ìdáná tàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pálọ̀. Ó padà sí ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé wáyà ni. Ara mi ò mọ̀. Mo di igi fèrèsé mú títí iná yàrá fi kú.

Mo rò pé ọkọ ẹ̀ á yọ ọ́. Kò yọ ọ́.

Àpótí yẹn ní àléébù kan. Bí iná mànàmáná bá lọ, aago inú ẹ̀ á dúró. Bí iná bá dé, á máa lọ láti ibi tó dúró sí. Nígbà tí àbúrò mi wà láyé, ọkọ ẹ̀ máa ń yí i padà sí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ikú ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Iná sì ń lọ lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ni àbúrò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ilé ìdáná ò tàn mọ́ títí gbogbo òpópónà á fi jẹun tán. Ó tún pẹ́ sí i, ó di ìgbà tí gbogbo ayé ti sùn. Ó di ìdájí. Àbúrò mi tí kò pẹ́ dé ibì kankan rí, tó máa ń dé ibi ìgbéyàwó kí ìyàwó tó wẹ̀. Mo bi ọkọ ẹ̀ lẹ́nu fẹ́ǹsì pé kí ló dé tí kò yí aago yẹn. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá ẹ̀.

"Ìyá wa," ó ní, "bí mo bá yí i, a jẹ́ pé èmi ni mò ń tan iná yẹn."

Mo yí ẹ̀yìn padà, mo wọlé mi lọ. Èmi, tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu mi.

Ó pẹ́ títí ó fi di ọ̀sán. Iná kì í sì í hàn nínú oòrùn. Ọkùnrin yìí kó bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi bo gbogbo fèrèsé, kó lè máa rí i. Kò rìnrìn àjò mọ́. Kò jókòó síta mọ́. Kò tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ìgbà yẹn làwọn aládùúgbò ní ó ti yí.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ wọn obìnrin fi pè. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn, ibi tó jìnnà ló ń gbé. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, inú ni, kì í ṣe kékeré, dókítà sì ti dá ọjọ́. Ó ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun, ojú bàbá òun lòun fẹ́ rí kí wọ́n tó fún òun lóògùn oorun. Bàbá ní òun ò lè fi ilé sílẹ̀. Ọmọ bá pè mí, ó ń sunkún, ó ní ìyá òun tó ti kú ti gba bàbá òun lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun. Mo wá bàtà mi.

Ọ̀sán gangan ni mo wọlé, inú ilé ṣú bí inú ìkòkò. Ó jókòó sí pálọ̀, ó dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó tó kí mi, mo gbọ́ "tá" lára ògiri, ilé ìdáná sì tàn. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Mo dúró, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tó ń gbé e bọ̀. Nígbà tí ti pálọ̀ tàn lé wa lórí, mo rí i pé ó ti sún ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fún ẹnìkan láyè kọjá.

Mo ní, "Àna mi, ọmọ yín fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ sì jókòó."

"Bí mo bá lọ, ta ló máa wà nílé tó bá dé?" ó ní. "Kó máa tan iná fún àga òfìfo?"

Mo ti to èébú sẹ́nu láti ilé. Mo fẹ́ sọ fún un pé òkú ò ní kánjú, alààyè ló ń kánjú. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Èmi máa jókòó dè é. Kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn mi ló wà."

"Ẹ ò ní fọwọ́ kan àpótí?"

"Mi ò mọ orí ẹ̀, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Kí ni màá fọwọ́ kàn án ṣe?"

"Ẹ ò sì ní ṣí fèrèsé?"

"Ẹ dìde, ẹ lọ di ẹrù yín, kí n tó fi àga yìí lù yín."

Ó lọ. Ó bá ọmọ ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, àmọ́ ara ọmọ ò tíì le, bàbá ẹ̀ ló ń fà á dìde lórí ibùsùn. Wọ́n ní ó ti ṣe aago kan sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹ̀ tó ń ké bí ẹyẹ, àwọn tó ń gbé lókè ti lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ó fi àwòrán afárá kan ránṣẹ́ sí mi. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Èmi ni mo wá wà níbí. Mo ṣí fèrèsé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ni mo fẹ́ fi òkùnkùn ṣe? Mi ò wá rí iná náà mọ́, tá-tá yẹn nìkan ni mò ń gbọ́. Tá, ilé ìdáná. Tá, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní n ò ní kà á sí. Kò pẹ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

Iná ń lọ, iná ń dé, àbúrò mi ń pẹ́ sí i. Aago tó ń pẹ́, bó bá pẹ́ títí, á yípo padà bá àsìkò ẹ̀ pàdé. Mo gbàgbé ìyẹn. Lánàá, oòrùn ń wọ̀, mo wà ní pálọ̀, mi ò tíì tan nǹkan kan. Ilé ìdáná tàn. Àsìkò ẹ̀ gan-an ni, àsìkò tó máa ń tàn án nígbà tó wà láyé. Kò sí ẹni tó yí aago. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga.

Lálaalẹ́ ni ọkọ ẹ̀ ń pè mí. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ìyá wa, ibo ló dé báyìí?" Bó bá fi gbọ́ pé ó ti padà sí àsìkò ẹ̀, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló máa wọ̀, á fi ọmọ tí ò tíì lè dá dìde sílẹ̀, kò sì ní jáde nínú ilé yìí mọ́ títí wọ́n á fi gbé e jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Mo bá purọ́ fún un lánàá. Mo ní ó ṣì wà lọ́sàn-án. Ó ní, "Ó ń pẹ́ o." Mo ní ẹ jẹ́ kó máa pẹ́. Irọ́ yẹn ni màá máa pa títí ọmọ yẹn á fi fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Bó bá tún pè lónìí, màá sọ fún un pé kò tíì dé, pé oòrùn ṣì wà lókè, pé kó

Ẹ dúró ná. Wọ́n ń pè mí láti ilé ìdáná. Mò ń bọ̀ o. Èmi ni mo ti ìlẹ̀kùn fúnra mi, kò sí ẹlòmíràn nílé, àmọ́ "Ẹ̀gbọ́n mi" lẹni náà pè mí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń