Ojú Àwẹ̀ró

Lọ́dún 1994, pátákó ìpolówó ni Hámzàt ń kùn jẹun ní àdúgbò Hayin Banki lókè ọya, ṣùgbọ́n kómíìkì tó ń yà lọkàn rẹ̀ wà. Ìtàn Àwẹ̀ró ni, ọmọbìnrin kan tó ń gbé ìlú abẹ́ odò, tó ń fi irun orí rẹ̀ de ìjì mọ́lẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Alfa Sàláwù, kò fara mọ́ ọn rárá. "Hámzàt, bí Ọlọ́run bá ní kó o fún àwòrán yìí lẹ́mìí lọ́jọ́ Àlìkíyáámọ̀ ńkọ́? Bó o bá máa yà á dandan, má ya ojú rẹ̀."

Ta ló tó kọ̀ fún Alfa? Láti ọjọ́ náà, bí Àwẹ̀ró bá ń jà, ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn ń rí. Bó bá ń sunkún, irun a bò ó lójú. Haba! Ẹni tó bá sọ pé àwòrán tí kò lójú kò dùn ún wò, kò gbé Hayin Banki rí. Àwọn tó ń yá kómíìkì náà kà bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Bilqees aránṣọ ní ojú Àwẹ̀ró rí róbótó bíi tòun. Ọkọ Bilqees ní irọ́ ni, Àwẹ̀ró kọlà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alfa wọ ṣọ́ọ̀bù Hámzàt tòun ti kómíìkì náà lọ́wọ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ẹ̀yìn irun náà.

"Wallahi, ó tó gẹ́ẹ́! Báwo lojú ọmọ yìí ṣe rí gan-an?"

Hámzàt gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi náà ò tíì rí i."