Jímọ̀ Ọlọ́ṣẹ Fọṣọ Àdúgbò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Jímọ̀ jẹ́, ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ télọ̀ ni láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọṣọ ló ń kiri láti ojúlé dé ojúlé fún ilé-iṣẹ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa rojọ́ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn. Jímọ̀ ní tirẹ̀ mọ̀ pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Bó bá ti kí onílé tán, yóò ní kí wọ́n mú aṣọ tó dọ̀tí jù wá, yóò jókòó sórí àpótí, yóò sì fi ọṣẹ àfihàn fọ̀ ọ́ lójú wọn. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọjà kò tà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n já a sí àdúgbò Idasen, Christopher, ọ̀gá wọn, ti sọ fún un kedere: bí páálí ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ bá tún padà lódidi lálẹ́, kó bọ́ ẹ̀wù ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Jímọ̀ rántí ìyàwó rẹ̀ àti ìkókó tó wà nílé, ó fọwọ́ kan owó mílíìkì ọmọ nínú àpò rẹ̀.

Obìnrin tó kọ́kọ́ kàn, Olúfúnmilọ́lá, gbé ṣòkòtò oko ọkọ rẹ̀ jáde, ó ti mu epo pupa yó. Jímọ̀ fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Kó tó sá a tán, ìròyìn ti tàn pé ọkùnrin kan ń fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ni aṣọ bá ń ya dé: ẹ̀wù ilé-ìwé, bùbá, ìbora, àní kọ́tìnnì. Wọ́n ń pè é ní ọkọ àdúgbò, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ sọ fún wọn pé ọṣẹ òun kò lè mú oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò láéláé, kí wọ́n má fowó ṣòfò. Ọ̀sán pọ́n, olóòótọ́ kò tíì ta ẹyọ kan.

Màmá Zipporah ló dé kẹ́yìn, opó arúgbó tí làkúrègbé ti ká ní ìka jọ. Ìbora kan ló gbá mọ́ àyà. Nígbà tí Jímọ̀ fọ̀ ọ́ tán, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, o ṣeun," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ, mi ò ní ra ọṣẹ. Àwọn ọmọ mi ń kó o wá láti Àkúrẹ́, ó kún yàrá. Ọwọ́ tí n ó fi fọṣọ ni mi ò ní."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Olúfúnmilọ́lá. "Àwa náà ńkọ́? Ká toko dé, ká dáná, ká tún fọṣọ? Bọ̀dá Jímọ̀, bí ẹ bá lè máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó máa sanwó ọwọ́ yín."

Ibi ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n wà, ilẹ̀ ń ṣú, tí ọkọ̀ Christopher fi dé. Ọ̀gá wo páálí, ó na ọwọ́ láti gba ẹ̀wù. Jímọ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún un. Ìtìjú bò ó, a kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ló kó owó mílíìkì ọmọ rẹ̀ jáde nínú àpò.

"Ọ̀gá, ẹ ta páálí yẹn fún mi."

Christopher ka owó náà, kò yé e. Ó na ẹ̀wù padà sí i, pé ọjà kúkú ti tà.

"Ẹ máa mú un lọ, ọ̀gá," ni Jímọ̀ wí. "Bó bá dọ̀tí, ẹ gbé e wá."